Ọmọ Olóbì Fẹ́ Gba Oyè Lórí Géèmù

    

Inú ilé wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò mi obìnrin gbéra láti Ṣágámù, ó wá bá mi ní Ìkẹ́nnẹ́, nílẹ̀ Rẹ́mọ níbí. Obì ló ń tà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Ọmọ yín ní òun fẹ́ padà sí yunifásítì."

Mo ní, "Ṣé ìyẹn náà ló ń jẹ́ ẹ gbà mí?"

Ó ní, "Ẹ ò tíì gbọ́ ohun tó fẹ́ lọ kọ́. Géèmù ni! Géèmù, Ẹ̀gbọ́n! Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó wà ní JSS 2, òun náà ló fẹ́ lọ gba oyè kejì lé lórí. Gbogbo owó obì tí mo fi rán an níwèé, ṣé eré ló fẹ́ fi ṣe ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín rárá, torí omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. Ọmọ tí à ń wí yìí ti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà jáde, ó ti sìnlú tán ní Kwara, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sì fi í sí níbẹ̀. Ohun tí ìyá rẹ̀ ń retí ni pé kó rí iṣẹ́ sí báńkì.

Mo bi àbúrò mi pé, "Ṣé o mọ̀ pé ẹnì kan ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí obì tí ò ń tà yìí?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní òótọ́ pọ́ńbélé ni. Babatunde Agiri ni orúkọ ọkùnrin náà. Ní 1972, ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ìwé tó kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé dá lórí obì gbànja ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà láti 1850 sí 1950. Ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa yìí wà lára ibi tó tọpinpin rẹ̀, pẹ̀lú Ẹ̀gbá Òwòdé, Ìwó àti Ọ̀tà. Àbúrò mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Obì kúkú ń mówó wọlé."

Mi ò dá a lóhùn lórí ìyẹn. Mo kàn sọ fún un pé ní Wisconsin yẹn kan náà, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tó ń jẹ́ James Paul Gee, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìmọ̀ èdè. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ń gbá géèmù, bàbá jókòó tì í láti wo ohun tí ọmọ ń ṣe. Nígbà tí bàbá náà fúnra rẹ̀ wá gbìyànjú géèmù tàwọn àgbàlagbà, kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn rárá, ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìbéèrè tó wá bi ara rẹ̀ ni pé: báwo ni ohun tó le tó báyìí ṣe ń rí ẹni tó ń fowó ara rẹ̀ rà á, tí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé fi ń lé ọmọ sá? Ìwé tó kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde ní 2003, ó sì wà lára ohun tó mú kí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í ka géèmù sí ohun tí èèyàn lè fara balẹ̀ kọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá. Bàbá Ìkẹ́nnẹ́ ló ń pè mí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, ó ní, "Bàbá Ìkẹ́nnẹ́, mo mọ̀ pé Mọ́mì ti wá fẹjọ́ mi sùn." Mo ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù tó ń kọ́ ọmọdé níwèé ni òun fẹ́ lọ kọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí irú géèmù ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n á ní kí ọmọ ṣe ìsọdipúpọ̀ méje lọ́nà mẹ́jọ, tó bá gbà á, wọ́n á jẹ́ kó yìnbọn pa ẹyẹ kan. Mo ní, "Ṣé irú ìyẹn lo fẹ́ lọ kọ́?"

Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ìyẹn ni àgbo tí wọ́n bu ṣúgà lé lórí, Bàbá. Ọmọ á lá ṣúgà, á tu àgbo nù. Bí wọ́n bá yọ ìbéèrè ìṣirò yẹn kúrò, ṣé ẹyẹ ò ní ṣeé yìn mọ́ ni?"

Ẹ̀yin ará, ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá yọ ẹ̀kọ́ kúrò tí eré ṣì dúró digbí, ẹ̀kọ́ náà kò fìgbà kan sí nínú eré. Ó kàn jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí agbowó ibodè ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣàlàyé. Ọpọ́n ayò ní ilé méjìlá, mẹ́fà níwájú tèmi, mẹ́fà níwájú tìrẹ. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin la ń kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Mo kó gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé kan, mo ń pín in lọ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé rẹ, tí iye tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, mo jẹ ẹ́. Òfin náà ò ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan ilé kan, mo ti ní láti mọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀, ibi tí yóò parí sí, ohun tí yóò kù sílẹ̀ fún ọ, àti bóyá ò ń kó odù jọ dè mí. Kò sí ẹni tó dúró tì mí tó ń bi mí pé méje lé mẹ́rin jẹ́ mélòó. Síbẹ̀, bí n kò bá ka ọmọ ayò dáadáa, ẹ ó kàn máa rí i pé ìwọ ń jẹ, èmi ń wò. Ẹ yọ ìṣirò kúrò nínú ayò, ẹ wò ó bóyá nǹkan kan kù síbẹ̀ yàtọ̀ sí igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí.

Mo wá rántí bàbá wa. Kò lọ sí ilé-ìwé kankan. Ọ̀ta ni nídìí ayò ní Ìkẹ́nnẹ́, abẹ́ igi níwájú ilé ló sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àbúrò mi, olóbì yìí, ní kíkà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, oníbàárà kankan ò lè rẹ́ ẹ jẹ nínú ṣíṣẹ́ owó.

Ohun kékeré kọ́ ló wà nínú ọpọ́n yẹn. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Yunifásítì Vrije ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, gbé awari sórí kọ̀ǹpútà. Awari jẹ́ ọmọ ìyá ayò wa: ilé méjìlá, ọmọ 48. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo ọ̀nà tí ọpọ́n lè gbà rí wò láìku ẹyọ kan. Ọ̀nà náà jẹ́ 889,063,398,406. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí n tún un pè. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ni wọ́n so pọ̀ tó ṣiṣẹ́ náà, ohun tó sì jáde ni pé bí ọ̀ta méjì bá pàdé, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ṣe àṣìṣe, ọ̀mì ni. Bàbá wa ì bá wà láyé, yóò ní ta ló ní kí wọ́n má wá bi òun.

Wàyí o, kí ni èèyàn ń kọ́ fún odindi ọdún kan tàbí méjì ní yunifásítì nípa géèmù tó ń kọ́ni? Mo bi ọmọ náà bẹ́ẹ̀. Mo rò pé yóò máa ka orúkọ ẹ̀rọ fún mi ni. Ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló sọ, mo sì fẹ́ kẹ́yin náà gbọ́ ọ.

Àkọ́kọ́ ni Thomas Malone. Ní Yunifásítì Stanford ni ọkùnrin yìí ti ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì parí rẹ̀ ní 1980. Géèmù kan wà nígbà náà tó ń kọ́ ọmọdé ní ìdá, ìyẹn ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin. Ìlà kan gùn sókè lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n fi bàlúùnù mọ́ ọn lára. Ọmọ á fojú díwọ̀n ibi tí bàlúùnù wà, á tẹ ìdá náà sínú ẹ̀rọ, ọfà á fò lọ síbẹ̀. Bó bá ṣe é gẹ́lẹ́, bàlúùnù á bẹ́. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Malone ní, kí ni wọ́n fẹ́ràn níbẹ̀ gan-an? Ó wá ṣe oríṣi mẹ́jọ nínú géèmù kan ṣoṣo yìí. Ó yọ orin kúrò nínú òmíràn. Nínú òmíràn, kò jẹ́ kí bàlúùnù bẹ́ mọ́. Òmíràn kì í sọ fún ọmọ bóyá ó jìnnà tàbí ó súnmọ́. Ó pín in fún ọgọ́rin ọmọ, ó sì ń ṣọ́ iye àkókò tí oníkálùkù ń lò nídìí ẹ̀.

Ohun tó rí ya èmi olùkọ́ lẹ́nu. Bíbẹ́ bàlúùnù ló gba ọkàn àwọn ọmọkùnrin jù. Àwọn ọmọbìnrin ńkọ́? Ohun kan náà ló lé wọn sẹ́yìn. Bí Malone bá ti wo gbogbo wọn pọ̀ ni, tí kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ì bá sá pa mọ́ ọn lójú. Ọdún mélòó ni èmi fi dúró níwájú pátákó, tí mo ń fi bọ́ọ̀lù nìkan ṣe àpẹẹrẹ gbogbo ìṣirò? Ẹ má dá mi lóhùn.

Ìkejì ni Jacob Habgood, ní Yunifásítì Nottingham ní Ìlú Ọba. Ẹni tó ti ń ṣe géèmù tà kó tó padà wá kàwé ni. Ó ṣe géèmù kan tí wọ́n ń pè ní Zombie Division: eegun òkú ló ń lé èèyàn kiri, nọ́ńbà wà láyà wọn, oríṣiríṣi ohun ìjà sì wà lọ́wọ́ ọmọ. Ohun ìjà kan lè pín nǹkan sí méjì, òmíràn sí mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí eegun tó ní 15 láyà bá ń bọ̀, tí o fi idà oníméjì bẹ́ ẹ, o gbé, torí méjì ò lè pín 15 kó má ṣẹ́kù. Habgood wá ṣe ìkejì rẹ̀, tí ìjà náà wà bó ṣe wà ṣùgbọ́n tí ìṣirò kò sí nínú ìjà: ìparí ìpele kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó ìbéèrè fún ọmọ. Eegun kan náà, àkókò kan náà. Àbájáde rẹ̀ tí òun àti Shaaron Ainsworth tẹ̀ jáde ní 2011 ni pé àwọn tí ìṣirò wà nínú idà wọn mọ ìpín ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan èyí tó wù ú, àkókò tí wọ́n lò nídìí idà oníṣirò tó ìlọ́po méje ti ìkejì.

Àgbo ni, ṣùgbọ́n inú oyin ló ti hù. Ọ̀rọ̀ tèmi nìyẹn o, Habgood ò sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé ẹ wá rí i pé iṣẹ́ ni? Mímọ bí ọmọdé ṣe ń ronú wà níbẹ̀, mímọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn wà níbẹ̀, yíya àwòrán àti kíkọ ètò kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn ní ìgboyà láti dán an wò, kó sì gbà nígbà tí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá sọ fún un pé kò dùn. Ní New York University, wọ́n dá oyè másítà kan sílẹ̀ lórí rẹ̀ tí wọ́n pè ní Games for Learning. Ọmọ wa fi owó ilé-ìwé ibẹ̀ hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo ní kó pa fóònù náà.

Nílé níbí ńkọ́? A ò sọ pé ilẹ̀ wa ṣófo. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ Maliyo Games ti ń ṣe géèmù láti 2012. Àwọn ló ṣe géèmù orí fóònù tó bá eré Iwájú ti Disney jáde ní 2024. Adébáyọ̀ Adégbémbọ̀ dá Genii Games sílẹ̀, ó sì ṣe Yoruba101, kí ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá nílé lè rí ibi fi kọ́ ọ. Àwọn ìjọba náà ti gbìyànjú. Ní June 2013, ìjọba Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó kún fún ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Orúkọ yẹn wù mí ju ẹ̀rọ náà lọ. Ìwé tí wọ́n gbé sínú gíláàsì, ìwé náà ṣì ni. Ẹrù àpò ọmọ fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọpọ́n tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, eré àti ìrònú ló wà lórí tirẹ̀.

Ní ti yunifásítì, ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ́, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Ìmọ̀ tí ọmọ wa ń wá wà nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ilé méjì ló ń gbé. Ìlíṣàn kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Babcock tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1959 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ Adventist pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ méje, ó di yunifásítì ní 1999, wọ́n sì ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ẹ lọ sí Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ ó bá yunifásítì ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa, Tai Solarin, pè. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ wà ní Ìlọrin, ó wà ní Ifẹ̀. Àwọn oníkọ̀ǹpútà mọ bí a ṣe ń kọ́lé. Àwọn olùkọ́ mọ irú ẹni tó máa gbé inú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ti kan òrùlé tán ni wọ́n sábà máa ń pàdé.

Èyí tó sì ń dùn mí ni pé àwa gan-an la ni ìlú Solarin. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àwọn ọmọ ló ń ro oko, wọ́n ń sin adìyẹ, wọ́n ń bá wọn mọ ògiri iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó bá wọn ilẹ̀ oko tí yóò gbìn kò tún nílò kí wọ́n wá máa bẹ̀ ẹ́ kó mọ ìwọ̀n. Ohun tí Habgood fi oyè ọ̀mọ̀wé wádìí, ẹnì kan ti fi ọkọ́ àti àdá ṣe é lẹ́yìn ilé wa.

Ìmọ̀ràn tí mo gba ọmọ náà ni pé kó forúkọ sílẹ̀ fún másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ fún ẹ̀kọ́ nílé níbí, kó fi géèmù ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀, kó sì wá ẹnì kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tí yóò máa bá a wò ó. Ó ní òun ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ géèmù náà.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ní Kwara tó ti sìnlú, ó rí i pé àwọn ọmọ ń ka nọ́ńbà Yorùbá bí orin lásán, wọn ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sì wo 47. Mẹ́tàdínláàádọ́ta: ẹ̀ta dín ní àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta. Ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Odindi ìṣirò ló wà nínú orúkọ kan: kó ogún jọ lọ́nà mẹ́ta, yọ mẹ́wàá, tún yọ mẹ́ta. Ọmọ wa ní òun fẹ́ ṣe géèmù kan tí ọmọ yóò ti máa kó obì sínú lọ́rì tó ń lọ Kano. Obì wà nínú agbọ̀n ogún ogún, ó wà nínú agbọ̀n kékeré tó jẹ́ mẹ́wàá, ó sì wà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ohùn kan á pe nọ́ńbà, ọmọ á di ẹrù, lọ́rì á lọ. Ìgbà mẹ́jọ péré ni èèyàn lè fọwọ́ kan ẹrù kí awakọ̀ tó tẹná. Scratch ló fẹ́ fi ṣe é lórí laptop rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀fẹ́ ni Scratch, MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní 2007. Ẹni tí ìrònú rẹ̀ sì bí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Seymour Papert, tí wọ́n bí ní Pretoria, ní Gúúsù Áfíríkà, ní 1928. Ohùn tí yóò máa pe nọ́ńbà nínú géèmù náà? Ohùn ìyá rẹ̀ ni. Ó ti gbà á sínú fóònù láìjẹ́ kí ìyá mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ẹ̀yìn ilé mi la ti kọ́kọ́ dán an wò, pẹ̀lú obì gidi àti agbọ̀n gidi, torí ó ní béèyàn bá fẹ́ ṣe géèmù, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gùnkè sórí kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ àdúgbò méje wá. Ìyá rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó fa ojú ro.

Wọ́n pe mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé forty-seven ni?" Mo ní òun ni. Ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gbé agbọ̀n ogún méjì, ó wá ń ju méje tó kù síbẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló fọwọ́ kàn án. Lọ́rì lọ, ó fi í sílẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn ronú, ó gbé agbọ̀n ogún mẹ́ta, ó yọ kékeré mẹ́wàá, ó yọ ẹyọ mẹ́ta. Ìgbà méje. Ó jẹ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ọmọ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ fò.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ bọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ obì. Ta ló ń ka obì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan? Márùn-ún márùn-ún ni ọwọ́ ń mú un." Ó tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ kan bu márùn-ún, ó tún bu márùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹrin, ogún pé, kí a tó ṣẹ́jú. Ẹ̀yin ará, ara mi yá gágá. Ní 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó ti gbé ní Ìjàyè, kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù pé báyìí gẹ́lẹ́ ni àwọn baba wa ń ka owó ẹyọ: márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ogún yóò di òkìtì kan, òkìtì márùn-ún yóò di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì yóò di igba. Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ sínú ìwé ló ṣì wà lọ́wọ́ àbúrò mi.

A gbà fún un. A fi ẹ̀kúnwọ́ márùn-ún kún òfin. Ọmọkùnrin tí lọ́rì fi sílẹ̀ padà wá: agbọ̀n ogún méjì, ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹyọ méjì. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré! Ọ̀nà tirẹ̀ wá kúrú ju ọ̀nà tó wà nínú orúkọ mẹ́tàdínláàádọ́ta lọ. Ìyá ti sọ òótọ́, òótọ́ náà sì ti ba géèmù jẹ́. Ọmọ wa jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. Bó bá yọ ẹ̀kúnwọ́ kúrò, ó ti parọ́ mọ́ ọjà. Bó bá fi í sílẹ̀, kò sí ọmọ tí yóò tún ronú dé àádọ́ta mọ́. Ọgbọ́n òyìnbó ni gbogbo wọn yóò máa fi di ẹrù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìbéèrè àpilẹ̀kọ rẹ̀ ló ń wò yẹn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kẹta, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Mo gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín pé a kì í fi obì kún agbọ̀n kó tó kan lọ́rì, à ń ṣà á ni. Agbọ̀n á ti kún láti oko. Iṣẹ́ tiwa ni ká ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Agbọ̀n ogún mẹ́ta wá, mẹ́wàá ti bàjẹ́, a tún rí mẹ́ta. Kí ló kù? Kó má jẹ́ kí wọ́n máa kó obì sínú. Kó jẹ́ kí wọ́n máa ṣa obì."

Mo ní mo gbọ́, n óò sọ fún un. Mo rò pé ó ti pa fóònù.

Ó wá ní, "Oyè yẹn, ọdún mélòó ni wọ́n tilẹ̀ fi ń ṣe é?"